Ọ́tánétọ̀ Tí Kò Kú

Ní Texas níbí, èèyàn máa ń sanwó kí wọ́n tó jẹ́ kó gba ọ̀nà tó bàjẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọgbà tí wọ́n gbẹ́ kòtò sí, tí wọ́n da òkúta sí, tí wọ́n fi omi po ilẹ̀ rẹ̀ di ẹrẹ̀; wàá san owó ẹnu ọ̀nà, wàá wá lọ rì síbẹ̀. Ẹni tó ti gba Sàngó Ọ̀tà lọ sí Abẹ́òkúta lásìkò òjò ti jẹ irú ìgbádùn yìí lọ́fẹ̀ẹ́, èpè ló sì fi dúpẹ́.

Bàbá Tóbi, ọmọ Mùṣín tó di ará Houston, ni àrùn náà mú jù nínú wa. Ó ra Jeep Cherokee ti 1998, onígun mẹ́rin bí àpótí ọṣẹ. Ó gbé e ga, ó to iná sórí rẹ̀, ó gbé fíríìjì kékeré sẹ́yìn, ó wá de wínǹṣì mọ́ iwájú, èyí tí yóò máa fi okùn irin fa ọkọ̀ jáde níbi tí òun fúnra rẹ̀ bá wà á rì sí.

Gbogbo wọn ló ń jẹ iná. Ọ́tánétọ̀ inú ọkọ̀ náà kò lè pèsè ju áḿpù 117 lọ. Wínǹṣì nìkan, bí ẹrù bá wúwo, lè gba 400. Bátìrì ló ń yáni níyẹn, ọ́tánétọ̀ ló ń san gbèsè. Bàbá Tóbi wá ra ti Dodge Durango, alámpù 136. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: áḿpù 136 ní fóltì 14, wọ́ọ̀tì bí 1,900 nìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní “I better pass my neighbour” kò ju bí 650 lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹnì kan, kí bíà rẹ̀ ṣáà lè tutù nínú igbó.

Ó pe ríwáyà rẹ̀ àtijọ́ ní Mùṣín lórí WhatsApp, pé òun fẹ́ pààrọ̀ ọ́tánétọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò ṣáàjì mọ́ ni?”

“Ó ń ṣáàjì dáadáa.”

“Àbí béárìn ẹ̀ ń dún?”

“Kò dún.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u o.”

Mi ò lè dá ríwáyà yẹn lẹ́bi. Lọ́dọ̀ tiwọn, èyí tó kú gan-an, wọn kì í sin ín. Wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ kábọ́ọ̀nù, wọ́n á jó dáyóòdù mìíràn mọ́ ọn, kílẹ̀ tó ṣú ó ti jí. Bó bá kọ̀ tí kò jí, ọjà Ládípọ̀ kò jìnnà, tòkunbọ̀ kún ibẹ̀.

Níbí ńkọ́? Wákàtí kan lọ́wọ́ mẹkáníìkì lè kọjá dọ́là 100, ìdí nìyẹn tí akáúǹtáǹtì pàápàá fi ń mú sípánà. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò Bàbá Tóbi kò sì gbà kí wọ́n tú ọkọ̀ síta. Lẹ́tà ló máa kọ́kọ́ dé, owó ìtanràn ló máa tẹ̀ lé e. Ni Bàbá Tóbi bá ti ara rẹ̀ mọ́ gáráàjì, nínú ooru oṣù Ògún. Ká ní Mùṣín ni, wọn ì bá ti yí i ká: ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́ rí á máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń de nọ́ọ̀tì, ìyá olóúnjẹ á máa bèèrè ìgbà tó máa kúrò lójú ìsọ̀ òun.

Ó tú orí nẹ́gétíìfù bátìrì kúrò ná, ó dẹ fáńbẹ́ẹ̀tì, ó yọ tàtijọ́, ó gbé tuntun wọlé. Ríwáyà ń wò ó lójú fóònù.

“Ẹ pààrọ̀ wáyà ẹ̀ náà o, Ẹ̀gbọ́n. Èyí tinrín yẹn á gbóná.”

Bàbá Tóbi fa wáyà tó nípọn láti ọ́tánétọ̀ dé bátìrì, ó fi fíúsì sí i, ó sì fa òmíràn láti ẹ́ńjìnì dé bọ́dì. Ó ṣíná sí ọkọ̀, ó tan gbogbo iná. Mítà dúró sórí 14.2.

“Tẹ́ ẹ yọ yẹn ńkọ́?”

“Mo máa dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù. Owó ìdógò tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi lórí ẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n máa dá a padà.”

“Èyí tó ń ṣiṣẹ́! Ẹ fi sínú dúrọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ máa kó ránṣẹ́ ní Kérésì. Mo ti rí ẹni tó máa rà á.”

A gbọ́ ohùn ríwáyà tó ń ná an fún ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá Tóbi kò tíì dáhùn.