Ẹ̀wà Ni Ọmọ Ìyá Onírẹsì Fẹ́ Lọ Kà

Ẹ sún mọ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé pariwo. Ẹ mọ ọmọ Ìyá Onírẹsì, tí yàrá wọn kọjú sí ẹ̀rọ omi? Ẹ̀rọ omi tí wọ́n ní àwọn máa tún ṣe kí Iléyá tó dé; Iléyá wo gan-an, wọn ò sọ. Ọmọ yẹn ti gboyè ìmọ̀ ewéko ní Akọka, màsítà ló kù tó ń wá. Mi ò yọjú sí ọ̀rọ̀ wọn o, aṣọ ni mo ń sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àbí kí n má sá aṣọ?

Bàbá ọmọ ní òkè òkun ló dáa. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù dá sí i, ó ní kó padà sí Unilag: láti Ojúẹlẹ́gba dé Yábà, láti Yábà wọ Akọka, ó parí. Ẹni tó ń gbowó ilé lọ́wọ́ wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ kúkú gbọ́.

Ọmọ ní ẹ̀wà lòun fẹ́ kà. Ẹ̀wà kẹ̀! Ìyá rẹ̀ ju ṣíbí sílẹ̀. "Mo ta ìrẹsì rán ẹ níwèé, o wá fẹ́ lọ kàwé ẹ̀wà? Ṣé èyí tí mò ń sè kò tó ẹ ni?"

Ó rọra ṣàlàyé. Ó ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Íbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967, ń tọ́jú irúgbìn ẹ̀wà tó lé ní 15,000 oríṣi sínú yàrá tútù, kò síbi tó ní tó bẹ́ẹ̀ lágbáyé. Èmi tí mo mọ olóyin àti drọ́ọ̀mù nìkan! Àmọ́ IITA kì í fúnni lóyè. Yunifásítì lèèyàn máa forúkọ sílẹ̀ sí, bíi ti Ìbàdàn tàbí FUNAAB l'Ábẹ́òkúta, kó tó lọ ṣèwádìí lọ́dọ̀ wọn. Yunifásítì Zaria náà wà ńbẹ̀: ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ẹ̀wà tí kòkòrò tó ń lu ẹ̀wà lóko ò lè bà jẹ́, tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 2019. Ìyá ní ọ̀nà jìn. Ọmọ wá dárúkọ WACCI, ibùdó ìmúgbòòrò irè oko ní Legon, ní Gáánà, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2007. Bàbá gbọ́ Gáánà, ó ní, "Ṣé òkè òkun nìyẹn?"

Ìwé pélébé kan wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Mo fojú gán-án-ní rẹ̀: ta ló máa kọ́ mi, ta ló máa sanwó, ọmọ mélòó ló parí lásìkò. Ó pe àwọn tó ti kàwé níbì kan (mi ò ní dárúkọ, etí ń bẹ lára ògiri), wọ́n ní olùkọ́ ibẹ̀ dáa, àmọ́ fíríìjì wọn ti kú. Ewé téèyàn bá kó síbẹ̀ láàárọ̀, ọbẹ̀ ló máa bá nírọ̀lẹ́. Ó fa igi lé orúkọ ibẹ̀. Ọmọ yẹn gbọ́n ju bàbá rẹ̀ lọ, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́.

Ìbàdàn ló mú. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Onírẹsì ò jẹ́ ká gbádùn: "Ọmọ mi ń lọ sí IITA!" Oníbàárà kan bi í léèrè ohun tó fẹ́ lọ kà ńbẹ̀. Ó wò mí, ó wo ìkòkò ẹ̀wà tó wà lórí iná. Ó ní sáyẹ́ǹsì ni.