Ọmọ Òkun Létí Òkun

Bí ẹ bá fẹ́ rí bí ẹnì kan ṣoṣo ṣe ń lé odindi àdúgbò dìde lórí ẹní, ẹ mú ọmọ Òkè-Bùkún, ẹ gbé e lọ sí etí òkun, kí ẹ sì ní kó kí wọn ní ìkíni ilé rẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa lágbègbè Kàbbà, "Òkun o!" là ń wí. A fi ń kí ẹni tó ń ti oko bọ̀, a fi ń kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, a fi ń kí ẹni tí nǹkan ṣe. Ìkíni yìí náà ló fún wa lórúkọ: Owé, Bùnú, Yàgbà, Ìjùmú àti Ọ̀wọ́rọ̀, "àwọn Òkun" ni wọ́n ń pe gbogbo wa. Bẹ́ẹ̀, títí mo fi gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì, omi tó tóbi jù tí mo fojú rí ni Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja. Nígbà tí wọ́n wá pín èmi agùnbánirọ̀ sí abúlé kan létí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí ìyá àgbà kan tó ń gbálẹ̀ nínú òkùnkùn ìdájí, mo sì fi gbogbo ọ̀yàyà ké sí i: "Òkun o!"

Ìyá ju ìgbálẹ̀ nù. Kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí omi wà, ló wò. Ó ké pe àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ilẹ̀kùn kan ṣí, òmíràn tẹ̀ lé e. Kí n tó rí àyè ṣàlàyé, ọkùnrin kan ti ru tẹlifíṣọ̀n, obìnrin kan sì ti pọn ọmọ, ó gbá àpò ìwé-ẹ̀rí mọ́yà.

Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi ni kí ẹ fi rẹ́rìn-ín. Ẹni tí òkun ti lé kúrò nílé rí kì í dúró béèrè pé irú òkun wo ni. Ayétòrò kò jìnnà sí wọn, ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà kan nítorí pé wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, àpò kan náà ni wọ́n sì jọ ń ná. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé mì níbẹ̀, ó gbé ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ni mo lọ ń kígbe "Òkun o!" sí ní ìdájí. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ mi ti di Kọ́pà Òkun.

Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ dárí jì mí. Ó mú mi lọ sẹ́yìnkùlé, ó fi oko rẹ̀ hàn mí. Ẹ̀gẹ́, ilá àti ẹ̀fọ́ ló ń gbìn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí ìgbì kan fò kọjá òkìtì yanrìn, tó sùn sórí oko náà mọ́jú. Etí ewé ẹ̀gẹ́ jó bí ìgbà tí iná rà á, gbogbo rẹ̀ sì kú. Igi àgbọn nìkan ló dúró, tó ń mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn.

Mo ní, "Ìyá, ẹ fi lé mi lọ́wọ́."

Ẹ gbọ́ ìdí tí ọkàn mi fi balẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mo sì kà jáde. Yàtọ̀ sí èyí, mo ti rí omíyalé rí. Ní 2012 tí Ọya àti Bẹ́núé jọ ya wọ Lọ́kọ́ja, mo rí i bí ẹrẹ̀ tí omi fi sílẹ̀ ṣe sọ ilẹ̀ àbàtà di ọlọ́ràá. Mo wá parí rẹ̀ sí pé omíyalé lomíyalé ń jẹ́: kó ti wá, kó ti lọ, ká gbé ọkọ́. Mo ránṣẹ́ sí màámi ní Òkè-Bùkún pé kó fi èbù ránṣẹ́. Isu tí kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé rẹ̀ wọ mọ́tò dé Igbókòdá, ó sì bá ọkọ̀ ojú omi dé ọ̀dọ̀ mi. Òjò kan ṣoṣo rọ̀, mo kọ ogójì ebè, mo gbìn ín.

Ó hù. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, orí ọ̀mùnú rẹ̀ dúdú, ó sì rọ. Màámi pè: "Ṣé isu mi ti ń fà?" Mo ní, "Ó ń fà, Mà." Kò purọ́ jù: ó ń fà sẹ́yìn.

Ohun tí mo kọ́ níwèé tí mo sì gbàgbé lóko nìyí. Lítà omi òkun kan gbé iyọ̀ bíi gíráàmù 35, bíi ṣíbí ńlá méjì. Bí ẹ bá bu iyọ̀ sórí tòmátò tí ẹ rẹ́, omi ara rẹ̀ ni yóò máa ṣàn jáde. Bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ ilẹ̀ ṣe ń ṣe gbòǹgbò: kò jẹ́ kó rí omi fà. Inú omi ni òùngbẹ ti ń pa irúgbìn. Ọ̀kan sì ni isu lára àwọn tí kò lè fara da iyọ̀ rárá. Ẹrẹ̀ ni Ọya ń fi sílẹ̀ bó bá lọ. Iyọ̀ ni òkun ń fi sílẹ̀.

Mo ní kò burú, omi ni yóò fọ iyọ̀. Òótọ́ ni, omi ló ń fọ̀ ọ́. Òjò wá dáwọ́ dúró, mo sì yíjú sí kànga ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí kànga kò ṣun tó bí mo ṣe fẹ́, mo kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, a gbẹ́ ẹ jìn sí i. Omi tú yàà! Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń pọn ọ́n, tí mo ń bu ú wọ́n oko láàárọ̀ àti lálẹ́. Koríko díẹ̀ tó kù níbẹ̀ náà bá gbẹ.

Ìyá àgbà dúró, ó káwọ́ lẹ́yìn. "Kọ́pà Òkun, ṣé o tọ́ ọ wò?"

N kò tọ́ ọ wò. Mo fi ìka kàn án, mo fi kan ahọ́n. Iyọ̀ ni. Ní etí òkun, omi òjò tó wọnú yanrìn máa ń léfòó sórí omi iyọ̀ tó wà nísàlẹ̀, bí epo ṣe ń léfòó lójú ọbẹ̀. Èmi sì ti ti ṣíbí kọjá epo. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi òógùn ojú mi gbé òkun wọ oko obìnrin yìí, èyí tí ìgbì fi òru kan ṣe.

Ojú tì mí, mo bá yíjú sí fóònù. Mo kà á pé ní òru tó mọ́ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Èrèlé ọdún 1953, Òkun Àríwá ya wọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, àti pé lẹ́yìn tí omi fà, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ da jípúsọ̀mù sí oko wọn. Kálísíọ̀mù inú jípúsọ̀mù ló ń lé sódíọ̀mù iyọ̀ kúrò lára amọ̀, tí òjò á sì gbé e lọ. Mo wá jípúsọ̀mù káàkiri Igbókòdá, n kò rí i. Nínú ọkọ̀ ojú omi ni mo ti bá ọ̀gbẹ́ni kan pàdé tó ń ṣe síílìn. Ó ní, "Jípúsọ̀mù kẹ̀? Òun náà ni wọ́n fi ń ṣe POP."

Òótọ́ ló sọ. Jípúsọ̀mù tí wọ́n yan lórí iná títí omi ara rẹ̀ fi dínkù ni POP. Ohun tí kò sọ, tí èmi tó gboyè sì yẹ kí n mọ̀, ni pé bí omi bá tún kàn án, yóò padà di òkúta.

Àpò mẹ́ta ni mo rà. Mo dà á sórí ebè mẹ́ta ní ìrọ̀lẹ́, ó nípọn dáadáa. Mo rọra bu omi òjò sí i (mo ti kọ́gbọ́n, mo tọ́ ọ wò), mo sì lọ sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbọ́ ohùn ìyá àgbà lẹ́yìnkùlé: "Ta ló kú?"

Nǹkan funfun mẹ́ta sùn gbalaja, wọ́n dán, wọ́n le, wọ́n ṣe rẹ́gí bíi sàréè olówó. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi kọjá ṣí fìlà. Ká ní ilẹ̀ Bùnú ni, wọn ì bá ti máa wá ìpò, aṣọ òkú, kiri. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, àwọn ọmọdé ti mú èédú, wọ́n ń ṣe ìṣirò lórí ebè kejì. Ọkùnrin kan tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀ wò ó, ó fọwọ́ pa á, ó wá bi mí pé èló ni mo máa gbà ṣe pálọ̀ òun.

Èyí tó dùn mí jù, ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo tó kà á dé ìsàlẹ̀: ilẹ̀ amọ̀ ni jípúsọ̀mù wúlò fún. Yanrìn kò ní amọ̀ tí sódíọ̀mù yóò lẹ̀ mọ́. Omi tí kò níyọ̀, ojú àgbàrá àti sùúrù nìkan ni oko ìyá àgbà ń fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti ra síílìn fún ilé tí kò ní ògiri.

Ìyá kò bínú. Ó ti ń dúró de òjò láti ọjọ́ yìí, ó kàn ń wò mí bí a ṣe ń wo ọmọ tó ń fi agbọ̀n pọnmi. Nígbà tí òjò ńlá dé, ó ní kí n mú òòlù wá fọ́ sàréè mi. A kọ ebè tuntun, ó ga. A la ojú àgbàrá láàárín wọn kí omi tó bá fọ iyọ̀ rí ọ̀nà gbé e lọ. A fi èèpo àgbọn àti koríko gbígbẹ bo ojú ilẹ̀ kí oòrùn má fa iyọ̀ padà sókè. A sì fọwọ́ lẹ́rán. Lẹ́yìn òjò ńlá kọ̀ọ̀kan, ìyá á bu yanrìn sínú omi òjò, á rò ó, á jẹ́ kó silẹ̀, á tọ́ ọ wò, á mi orí. Lọ́jọ́ tí kò mi orí mọ́, ó fi ilá mẹ́fà péré gbìn sí ebè kan, ó ní kí wọ́n lọ yẹ ibẹ̀ wò fún àwọn yòókù. Àwọn mẹ́fà náà yè.

Mo wá kà á lẹ́yìn náà pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn Balanta ní Guinea-Bissau àti àwọn Diola ní Casamance ti ń ṣe oko ìrẹsì wọn létí òkun tipẹ́tipẹ́. Wọ́n á mọ ògiri ẹrẹ̀ dínà omi òkun, òjò á fọ iyọ̀, wọ́n á tú omi náà jáde, ìgbà náà ni wọ́n á tó lọ́ ìrẹsì síbẹ̀. Nígbà tí ìjọba òyìnbó dá ibùdó ìwádìí ìrẹsì sílẹ̀ ní Rokupr ní Sierra Leone ní 1934, oko irú wọn ló lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa rẹ̀. Ibùdó ìwádìí tèmi ń gbálẹ̀ lójú mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sì lé e sá.

Nígbà tí mo ń padà lọ sílé, ìyá àgbà di ilá sínú àpò, ó fi púpurú lé e fún màámi, "dípò isu rẹ̀." Báyìí ni irọ́ mi ṣe já.

Bàbá fún mi ní ilẹ̀ lẹ́bàá odò kékeré kan ní Òkè-Bùkún. Kí n tó ki ọkọ́ bọ̀ ọ́, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo kúnlẹ̀, mo bu èèpẹ̀, mo fi kan ahọ́n. Ibẹ̀ ni àǹtí bàbá mi gbà yọ láti ẹ̀yìn igbó. Wọ́n dúró, wọ́n wo ẹnu mi, wọ́n wo èèpẹ̀, wọ́n sì ṣe ohun tí ọmọlúàbí ń ṣe bó bá rí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ké sí mi:

"Òkun o!"

Mo ti sáré gun orí òkè dé ìdí igi igbá, tèmi ti ọkọ́ mi, kí n tó rántí pé ilé ni mo wà.