Ẹgbàafà Wáàtì, Ọba Inú Páálí

Onílù, rọra gbé kọ̀ǹgọ́ sílẹ̀ ná. Ẹni tí mo fẹ́ kì lónìí kì í fẹ́ kí ìlù gidi dún nítòsí òun, torí bí ìlù gidi bá dún, àṣírí á tú.

Gbogbo wa la mọ̀ pé alágbe kì í dédé yin èèyàn. Ó ti wo agbádá ẹ, ó ti wo ọkọ̀ tó o gbé wá, ó ti fojú ka owó àpò ẹ kó tó la ẹnu. Tèmi yàtọ̀. Èmi ni mo sanwó lórí ẹni tí mo ń kì, ₦185,000, lọ́jà Alábà, lọ́jọ́ Sátidé kan tí òòrùn ń yan orí èèyàn bí ẹ̀pà. Owó oríkì yìí ti wọlé ṣáájú, ẹ jẹ́ kí n kì í tán.

Ẹgbàafà Wáàtì, mo rí ọ mo dọ̀bálẹ̀.
Abiná-lójú-má-ríran,
Adún-gbì-má-sọ̀rọ̀,
Ọmọ páálí gọngọ tí kò wọnú ọkọ̀,
Tí a fi okùn dè mọ́ búùtù bí àgbò Iléyá.
Ìwọ lo gorí tábìlì tí fèrèsé ń gbọ̀n,
Tí àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù ń kí ara wọn,
Tí a wáá bi ọ́ pé kí lo wí,
O ní gbì.

Oyè rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí kí n tó rí òun fúnra rẹ̀. Lẹ́tà aláwọ̀ wúrà ni wọ́n fi kọ ọ́ sára páálí: 12,000W P.M.P.O. Nínú àwọn tó ń tà á àti àwa tó ń rà á, ẹni tó ń béèrè ohun tí lẹ́tà mẹ́rin yẹn dúró fún ò pọ̀. Ohun tó ń wí ni agbára tí ẹ̀rọ orin náà lè ta jáde fún ìgbà tí kò tó ìpajú, lẹ́yìn náà kó dákú. Kò sì sí òṣùwọ̀n tí ayé panu pọ̀ lé lórí fún un. Iye tó bá wu ẹni tó ń tẹ páálí ni. Ó dà bí ọkùnrin tí ejò lé lọ́jọ́ kan, tó fo gọ́tà ẹsẹ̀ mẹ́wàá, tó wá lọ tẹ káàdì pé òun ni Afogọ́tà-Ẹsẹ̀-Mẹ́wàá. Wáàtì tó yẹ kéèyàn béèrè ni èyí tí wọ́n ń pè ní R.M.S., iṣẹ́ tí ẹ̀rọ lè máa ṣe lọ láìdákú, bí iye ebè tí àgbẹ̀ ń kọ lójúmọ́. Ìyàwó mi, tí kò ka ìwé ẹ̀rọ kankan rí, ló túmọ̀ P.M.P.O. fún mi nígbà tí mò ń tiraka láti gbé e gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ó ní, “Páálí Mà Pọ̀ O.”

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ti fi òfin mú irú wọn láti 1974: ẹni tó bá fẹ́ polówó wáàtì ampilifáyà inú ilé gbọ́dọ̀ sọ iye tó lè gbé láìdákú. Ẹgbàafà gbọ́, ó gba ọ̀nà ibòmíràn.

Òfin ò bá ọ nílé, ọmọ Afẹnu-ká-wáàtì.
Iwájú rẹ ń jẹ́ Ẹgbàafà,
Ẹ̀yìn rẹ ń jẹ́ Àrùndínláàádọ́rin.
Ẹni tó kí ọ níwájú, ó kí oyè;
Ẹni tó yí ọ padà, ó kí olóyè.
Afẹ́fẹ́ Alábà fẹ́ yẹẹ,
A rí fùrọ̀ adìẹ.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń sọ. Ìwé pélébé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà iná ti jáde, kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ: 220–240V, 50Hz, 65W. Iye tó ń jẹ nìyẹn. Ẹni tó jẹ wáàtì 65, níbo ló ti fẹ́ máa pọ ẹgbàafà? Áyọ́ọ̀nù tí mo fi ń lọ aṣọ ń jẹ wáàtì 1,200. Bí ó bá jẹ́ pé òótọ́ ni páálí wí, ẹ̀rọ orin mi ì bá máa jẹ iná áyọ́ọ̀nù mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, púlọ́ọ̀gì tó wà nídìí rẹ̀ ì bá ti yọ́ bí òrí. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ tí mo rà á, NEPA mú iná lọ, mo tan I-better-pass-my-neighbour. Jẹnẹrétọ̀ tí kò lè gbé áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo gbé Ẹgbàafà, ó gbé fáànù lé e, ó gbé gílóòbù mẹ́ta, ó tún ń ṣáàjì fóònù gbogbo ilé. Kò tilẹ̀ wúkọ́.

Ẹ má bi mí pé ibo lojú mi wà lọ́jọ́ tí mo rà á. Ọmọkùnrin tó tà á mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀rọ bí ogójì ń ké pọ̀, tí ti ṣọ́ọ̀bù kejì ń dá wọn lóhùn, ó fi orin kan sí i tí kò ní ju bíìtì lọ, ó yí i dé òpin.

“Dádì, ẹ fọwọ́ kan àyà yín.”

Mo fọwọ́ kan àyà. Àyà ń mì lóòótọ́.

“Ẹ ti rí i pé ojúlówó ni.”

Kò fi ẹnikẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ sí i kí n gbọ́, èmi náà ò sì béèrè. Ìyàwó mi kì í ra gààrí láìbù ú sẹ́nu wò. Èmi lọ ra ohun tí mo fẹ́ máa fi gbọ́ ọ̀rọ̀, àyà ni mo fi tọ́ ọ wò.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e la fi Sàwòróidẹ sí i, fíìmù Túndé Kèlání ti 1999 tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Ẹni tó bá ti wò ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ló gbé fíìmù náà ró: òwe, orin, ìfọ̀rọ̀sábẹ́-ahọ́n, àti ìlù kan tó mọ ohun tí ọba ń fi pamọ́. Lápitẹ́, ọba inú fíìmù náà, la ẹnu. Ẹ̀rọ mi ní gbùùù.

“Bàbá Bọ́lá, kí ló wí?”

Mo ní ó ń bá àwọn ìjòyè sọ̀rọ̀.

“Mo rí i pé ó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Kí ló wí?”

Mo gbé rìmóòtù, mo yí ohùn sókè, ilé ń mì. Mo yí i wálẹ̀, ohùn lọ pátápátá. Nígbà tó yá, gbogbo wa dákẹ́, a ń ka Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ àwòrán. Ọmọ Yorùbá mẹ́rin, nínú ilé Yorùbá, tí wọ́n ń wo fíìmù Yorùbá, tí wọ́n ń ka èdè òyìnbó kí wọ́n lè mọ ohun tí Yorùbá wí. Bí ó bá jẹ́ inú Ẹgbàafà ni ìlù sàwòróidẹ gbà dé Jogbo, ìlú inú fíìmù náà, ọba tí ìlù náà pa ì bá ṣì wà lórí oyè títí dòní. Ìlù tó fẹ́ pa á, kò ní gbọ́ ohun tó ń wí.

Ohun tó fà á kò le. Nínú ètò sìpíkà márùn-ún àti wúfà kan, èyí tí wọ́n ń pè ní 5.1, sìpíkà àárín tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Òun ló yẹ kó jẹ́ àgbà láàárín wọn. Nínú tèmi, òun ló kéré jù, kò ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ. Wúfà ló gba gbogbo oúnjẹ, ohùn kan ṣoṣo ló sì ní. Pákó àpótí rẹ̀ fẹ́lẹ́. Bí ohùn bá sún mọ́ ibi tí pákó yẹn ti fẹ́ràn àtimáa gbọ̀n, ó di gbì. Bó bá jìnnà síbẹ̀ díẹ̀, gbì náà ni. Ẹni tó jẹ́ pé bíìtì nìkan ló ń gbọ́ lè má mọ̀ ọ́n lára. Fún dùndún, ikú ni. Ìyáàlù ò ní ẹnu, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ló fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tó bá sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan ti gé e láhọ́n.

Agé-ìyáàlù-láhọ́n,
Ìlù pè ọ́ lọ́mọ ọba, o ní gbì.
Ìlù pè ọ́ lọ́mọ olè,
Gbì náà ni.
Onílù yìn ọ́, o jó;
Onílù bú ọ, o jó, o tún náwó.
Ẹni tí èébú àti oríkì ń dún bákan náà létí rẹ̀,
Ta ló tún lè dójú tì ọ́?

Ti àwọn sìpíkà ẹ̀yìn, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹni tó jókòó ló yẹ kí wọ́n wà, kí wọ́n fà sẹ́yìn díẹ̀. Wáyà tí wọ́n kó sínú páálí kò gùn débẹ̀, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ẹṣin. Nítorí náà ọ̀kan wà lórí fìríìjì, èkejì wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Bí òjò bá rọ̀ nínú fíìmù, inú fìríìjì wa ló ń rọ̀ sí.

Àwọn òpó méjì iwájú ni kí ẹ jẹ́ kí n dúró tì. Wọ́n ga dé àyà mi, wọ́n dúdú, wọ́n ń dán, òpó kọ̀ọ̀kan ní ẹnu mẹ́ta. Àlejò tó bá wọlé, àwọn ló máa ń kọ́kọ́ kí kó tó kí wa. Eku ló tú àṣírí wọn. Ní oṣù kẹta, mo gbọ́ kìrìkìrì nínú òpó ọ̀tún. Ohun àkọ́kọ́ tó dún ketekete nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wọlé nìyẹn. Mo mú sukurudíráfà, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, eku fò jáde. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ẹnu mẹ́ta níta, wáyà kan ṣoṣo nínú. Ẹnu òkè nìkan ló ní mágnẹ́ẹ̀tì, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju owó kọ́bọ̀ ayé àtijọ́ lọ. Méjì tó kù, ìwé dúdú tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ pákó ni, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn wọn. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n da símẹ́ńtì kan tó tó ẹ̀kọ méjì síbẹ̀, kí àpótí lè wúwo lọ́wọ́ ẹni tó ń rà á. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ṣe é mọ̀ pé mo máa gbé e wò kí n tó sanwó. Ó tún mọ̀ pé mi ò ní tú u.

Ẹlẹ́nu mẹ́ta, ẹyọ kan ló léyín.
Ajẹ-símẹ́ńtì-kó-lè-sanra,
Bàbá rẹ ò ṣe bíríkìlà,
Kí ni símẹ́ńtì ń ṣe níkùn rẹ?
Ilé eku tó ń jẹ iná NEPA,
Eku ń gbé ọ̀fẹ́, èmi ń ra kírẹ́díìtì iná.

Ọjọ́ ìbí Bọ́lá la sin twítà, ẹnu òkè kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ nínú òpó náà. Àbúrò mi yí fọ́lúùmù dé òpin, ẹ̀rọ ń han, ohùn ń ya bí aṣọ tó ti gbó, òórùn jíjó gba pálọ̀. Mo rò pé agbára tó pọ̀ jù ló pa á. Bàbá Òkè, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì tó ń gbé lórí wa, mi orí.

“Ọmọ mi, àìlágbára ló pa á. Bí ampilifáyà kékeré bá ń tiraka ju ara rẹ̀ lọ, orí ìgbì ohùn á máa gé pẹrẹsẹ. Ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde ló máa ń lọ jó twítà. Gòkè wá.”

Mo gòkè. Tòkunbọ̀ ni tirẹ̀, wáàtì 30 fún ọ̀tún, 30 fún òsì, àpótí igi méjì tí mi ò lè dá gbé ọ̀kan. Kò sí símẹ́ńtì níbẹ̀, irin àti pákó ló wúwo. Iná kan ṣoṣo ló ní, pupa, kékeré, kò sì yí kiri. Ó fi ìka hàn mí lẹ́yìn sìpíkà: 91 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì. Ó ní bí wáàtì kan péré bá wọ̀ ọ́, bí yóò ṣe dún tó létí ẹni tó dúró ní mítà kan nìyẹn, ìyẹn sì ti tó láti fi lé àlejò lọ. Sìpíkà tó jẹ́ 88 ní láti gba wáàtì ìlọ́po méjì kó tó dún tó o. Kéèyàn sì tó gbọ́ ohùn kan bíi pé ó di méjì, wáàtì ní láti di ìlọ́po mẹ́wàá. “Ẹgbàafà tó o rà yẹn, ta lo fẹ́ fi pa?” Ó ní kí n máa wo óòmù náà: sìpíkà 8 óòmù méjì tí a so pọ̀ mọ́ ojú kan náà ti di 4, ampilifáyà tí kò bá gbà á á máa gbóná bí ààrò. Lẹ́yìn náà ó fi King Sunny Adé sí i, kò yí i sókè. Mo gbọ́ ibi tí ọwọ́ onílù ti fún ọṣán mọ́ra kí ohùn tó gòkè. Mo gbọ́ orúkọ ẹni tí ìlù ń kì.

Ẹgbàafà, má bínú, mo gòkè, mo sì ti sọ̀.
Wọ́n fi ọgbọ̀n kí mi lókè, mo gbọ́ ìran mẹ́ta;
Ìwọ fi ẹgbàafà kí mi nílẹ̀, mo gbọ́ ẹyọ kan.
O ó pẹ́ nínú ilé yìí.
O ó gbó, o ó tọ́ nínú ilé yìí.
Ta ni mo kórìíra tó láti gbé ọ fún?

Alẹ́ ọjọ́ náà, a jókòó sínú òkùnkùn, ìyàwó mi ń tú irun Bọ́lá. NEPA mú iná dé. Ojú Ẹgbàafà tàn, búlúù, àwọ̀ ewé, pupa, ó ń yí kiri bí ojú ẹni tó mu ẹmu àmujù. Ọmọbìnrin inú rẹ̀, tí a ò mọ ìlú rẹ̀, tí a ò mọ ìdílé rẹ̀, fi Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tó gbọ́ kí wa. Ó ní Bluetooth ti ṣe tán.

Ìyàwó mi gbé orí sókè.

“Ìyẹn ni mo gbọ́.”