Ẹni Tí Kò Tó Gèlètè

Àwọn àgbà tí wọ́n pa á lówe pé ẹni tí kò tó gèlètè kì í mí fìn-ìn kò rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kí wọ́n tó re ìwàlẹ̀ àsà. Bí wọ́n bá rí i ni, wọn ì bá ti mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹni tí kò tó gèlètè yóò yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí yóò fi ra ẹ́ńjìnnì oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà, tí yóò sì ní kí ó máa bá òun mí fìn-ìn kiri ìgboro. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tóbi sí i, owó oṣù rẹ̀ kò lé sí i, ṣùgbọ́n èémí ti di ti V6, àdúgbò sì ti gbọ́.

Nígbà tí lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà, èémí àyálò náà ṣe é mí. Àmọ́ láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde ní Àbújá pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, nǹkan yí padà: kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn ilé epo ti ń pe lítà ní nǹkan bí 500 náírà, ní oṣù Keje ó di 617 ní Àbújá, nígbà tí yóò sì fi di oṣù Kẹwàá 2024, ó ti tó nǹkan bí 1,000 náírà. Ojò epo jíìpù Highlander, amu-epo-má-yó, gba nǹkan bí 70 lítà. 70,000 náírà náà sì ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fi lélẹ̀ ní 2024, èyíinì ni pé nígbà tí ọ̀gá bá yọ orí lójú fèrèsé tí ó wí pé, "Rọ ọ́ kún," odindi owó oṣù ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ geètì rẹ̀ ni ó rọ sínú irin láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, irin náà yóò sì tún máa wojú rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ọ̀rọ̀ epo kún ìgboro Ìbàdàn Mesì Ọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Àwọn awakọ̀ Mícrà ni mo ń wí. A lè fojú kékeré wo abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ: ọkọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan lọ, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà kan àti díẹ̀, ni ó ń kó èrò méjì sórí ìjókòó kan níwájú, mẹ́ta tàbí mẹ́rin sẹ́yìn, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tòmátì nínú búùtù tí wọ́n fi okùn dè nítorí pé kò ṣe é pa dé. Awakọ̀ yìí kò ra ọkọ̀ nítorí kí a lè kí i. Ohun tí ó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn owó epo ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ, nítorí náà ó mọ̀ pé táyà tí kò ní afẹ́fẹ́ tó a máa jẹ epo, ó mọ̀ pé ẹrù tí a gbàgbé sí búùtù a máa jẹ epo, àti pé ẹni tí ń tẹ iná wàà tí ó sì ń já bíréèkì gì, owó ara rẹ̀ ni ó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ rẹ̀ láti Mọ́kọ́lá lọ sí Dùgbẹ̀ kí ẹ wò ó: bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti dì, ọwọ́ rẹ̀ ti dé orí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì a dákẹ́, fújì nìkan ni yóò máa bá iṣẹ́ lọ.

Láti Ìbàdàn dé Èkó, ìrìn nǹkan bí 130 kìlómítà, jíìpù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà mẹ́ta ààbọ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ sún mọ́ tọ́ọ̀nù méjì, yóò mu tó lítà 15. Mícrà yóò mu bí ìdajì rẹ̀. Ihò kan náà ni àwọn méjèèjì yóò kó sí lọ́nà, wọn yóò sì bá ara wọn ní Bẹ́gà. (Ìran tí ó ṣáájú wa kò ṣàì mọ èyí; Volkswagen Ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975, tí kì í béèrè omi rárá, gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ tíṣà lọ sẹ́nu iṣẹ́, ìtìjú kò sì pa ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.)

Ẹ̀bi náà kò sì jẹ́ ti onífáàrí nìkan. Ẹ gbé ọkọ̀ kékeré lọ sí òde ìnáwó, ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yóò bi yín pé ta ni ó pè yín. Ẹ gbé jíìpù lọ, bí iná epo tilẹ̀ ń ṣẹ́jú níwájú yín, yóò sáré ṣí geètì gbàgà, onílù yóò sì ti máa fi oríkì baba tí kò mọ̀ rí pè yín. Èmi kò tíì rí onílù tí ó bá ẹnikẹ́ni dá owó epo.

Ọ̀gá kan ní àdúgbò wa ti wá ọgbọ́n dá sí tirẹ̀. Ó fi aṣọ bo jíìpù náà, ó ń tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní ọjọọjọ́ Àbámẹ́ta kí bátìrì má baà kú; láti Ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́ Ẹtì, iwájú Mícrà ni ó ń fún ara rẹ̀ mọ́, orúnkún kan lára ilẹ̀kùn, itan kejì lára gíà, ó ní dókítà ni ó ní kí òun dín ìwakọ̀ kù. Láìpẹ́ yìí ó lẹ páálí mọ́ gíláàsì jíìpù pé títà ni, ó sì ń wá Corolla; ṣùgbọ́n àwọn tí ń ta tòkunbọ̀ kì í ṣe ọmọdé, wọ́n ti mọ ọkọ̀ tí ọjà ń wá, iye tí wọ́n pe Corolla àlòkù fún un sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo owó jíìpù mì. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú Mícrà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó san owó ọkọ̀, ó dúró gba ṣéńjì, ó yí jíìpù náà po, ó fi ọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ní inú òun dùn pé irú ọkọ̀ báyìí ti dínwó, ó wá ku ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí òun fẹ́ béèrè:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé V6 ni?"