Bí Aláboyún Ìbàdàn Ṣe Lè Gbọ́ Ìmọ̀ràn Kí Ó Má Ràn Án

Ìwọ ìyàwó tí oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró sí lára ní Bódìjà, ní Agbowó, ní Challenge tàbí ní Ring Road, o kú oríire. Ohun tí o ń fẹ́ kò ṣòro. O fẹ́ sọ̀ láyọ̀, kí gbogbo ẹran tí oyún kó wá jókòó sí ara rẹ títí láé, kí omi ọyàn rẹ sì gbẹ kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ti ṣe é ṣáájú rẹ, wọ́n sì ṣe é yọrí. Ẹni kan ṣoṣo tó lè dí ọ lọ́wọ́ ni nọ́ọ̀sì kílíníkì, nítorí ó ń fúnni nímọ̀ràn lórí oúnjẹ, ìrìn rírìn àti ọyàn, kì í sì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Fara balẹ̀, ká bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Pẹ́ kí o tó lọ gba káàdì

Ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí aláboyún fojú kan oníṣẹ́ ìlera ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ, kí ti àkọ́kọ́ sì wáyé kí oyún tó kọjá ọ̀sẹ̀ 12. Ọ̀sẹ̀ 12 ti yá jù. Ẹni tó bá tètè lọ, wọn á gbé e sórí òṣùwọ̀n nígbà tí oyún kò tíì fi nǹkan kan kún un, wọn á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí kílò kan tí yóò wọlé tí wọn ò ní rí. Dúró dé oṣù kẹfà. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé níbo lo ti wà, sọ pé o ń fi oyún pamọ́ fún ayé. Kò sí nọ́ọ̀sì tí yóò bá ọ jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ayé.

Ìgbésẹ̀ kejì: Mọ ibi tí wàá jókòó sí

Bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ni tìrẹ, èyí tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà tí oní-púfúpọ́ọ̀fù ń gbà wọlé. Ẹ ó kọ́kọ́ gbàdúrà, ẹ ó kọrin, ẹ ó pàtẹ́wọ́. Orin ọyàn ni kí o ké sókè jù lọ. Jó dé iwájú kí Mátírọ́ọ̀nù rí ọ. Bí orin bá ti tán tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, fa fóònù yọ. Ẹni tó jó tó bẹ́ẹ̀, ta ló máa bi í pé kí ni wọ́n sọ?

Tí wọ́n bá pè ọ́ sórí òṣùwọ̀n, má bọ́ bàtà, má sì gbé báàgì sílẹ̀. Bí kílò bá ti pọ̀ jù, báàgì ló jẹ̀bi. Nọ́ọ̀sì lè fẹ́ ṣàlàyé iye tó yẹ kí o fi kún ara rẹ títí wàá fi bímọ. Ìwọ̀n tí Institute of Medicine gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2009 ni ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé: ẹni tí ara rẹ̀ wà déédéé, kílò 11.5 sí 16. Ẹni tó ti sanra díẹ̀, 7 sí 11.5, ẹni tó sanra gan-an, 5 sí 9, ẹni tó rù, 12.5 sí 18. Wo inú ọkàn rẹ lọ́hùn-ún. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹni tó rù ni ọ́. Mú 18, kí o sì kà á sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣọ́ra fún àwọn olùwádìí pẹ̀lú. Láàárín 2018 àti 2019, àwọn ará Yunifásítì Ìbàdàn (UI) tọ aláboyún tó lé ní 1,700 lẹ́sẹ̀, ní ilé ìwòsàn UCH, ní Adéọ̀yọ́ Yemẹtù, ní Jẹ́ríkò àti ní ilé ìwòsàn Kátólíìkì Òkè-Ọ̀fà. Wọ́n ń wọ̀n wọ́n, wọ́n ń bi wọ́n ohun tí wọ́n ń jẹ àti bí wọ́n ṣe ń lo ara. Irú ìbéèrè báyìí léwu. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ pé kí lo jẹ lánàá, dáhùn pé, “À ń jẹun, a dúpẹ́.”

Ìgbésẹ̀ kẹta: Jẹun fún ẹni méjì

Ibí ni iṣẹ́ wà, nítorí náà mi ò ní kánjú.

Àwọn onímọ̀ nípa oúnjẹ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kò bèèrè àfikún kankan. Ní oṣù mẹ́ta àárín, àfikún nǹkan bí 340 kálórì lójúmọ́ ti tó. Ní mẹ́ta ìgbẹ̀yìn, nǹkan bí 450. Ẹyin sísè méjì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan àti ègé búrẹ́dì kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 340 yẹn tán. Ìwọ wo ìyẹn náà. Ta ló máa rí ọ pẹ̀lú ẹyin méjì tí yóò mọ̀ pé ọkọ rẹ ń tọ́jú rẹ?

Ka ọmọ inú rẹ sí bíríkìlà tó ti ń ru búlọ́ọ̀kù láti àárọ̀, kí o sì máa bu oúnjẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí àmàlà bá jẹ́ méjì fún ọ, mẹ́ta ni tirẹ̀. Gbẹ̀gìrì àti ewédú kò pọndandan fún bíríkìlà, ṣùgbọ́n ṣàkì àti pọ̀nmọ́ pọndandan. Lẹ́yìn àmàlà, sinmi. Lẹ́yìn ìsinmi, ṣáwámà Agbowó, nítorí ọmọ yìí, ọmọ ìgbàlódé ni.

Má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi oògùn ẹ̀jẹ̀ tàn ọ́. Nọ́ọ̀sì máa fún ọ ní áyọ́ọ̀nù àti fólíìkì áásìdì, yóò ní ojoojúmọ́ ni. Kó wọn sábẹ́ pílò. Gbogbo Ìbàdàn mọ̀ pé móòtì àti mílíìkì inú agolo ló ń fún aláboyún lẹ́jẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ ní Mọ́kọ́lá, mo ti gbọ́ ọ ní Òkè-Àdó, ẹnu àwọn tó ń sọ ọ́ sì dá mi lójú ju ìwé lọ. Pé ṣúgà ló kún inú móòtì kì í ṣe ẹjọ́ rẹ, ẹ̀jẹ̀ pupa, móòtì náà ń pọ́n. Mu ìgò kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, kí o gbé ìkẹta sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí òru.

Tí o bá lọ sí ọjà Bódìjà, wàá rí ẹ̀wà nínú àpò láìlóǹkà, ẹ̀fọ́ tútù, ẹja, ìbẹ́pẹ, ọsàn. Ohun tí nọ́ọ̀sì dárúkọ gan-an nìyẹn, owó wọn kò sì tó ti páálí móòtì. Gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá kíákíá kí o má baà rà wọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Fi ẹsẹ̀ rẹ pamọ́

WHO ní kí aláboyún tí dókítà kò dá dúró máa lo ara fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, kó máa rìn kíákíá, kó máa ṣe iṣẹ́ ilé. Ìyẹn lè gbé ọ yí UI po. Láti Agbowó sí géètì UI, títì kan ló wà láàárín wọn: wọ Micra. Bí dẹ́rẹ́bà bá ní ibẹ̀ ti sún mọ́ jù, fi ikùn hàn án. Bí ọkọ rẹ bá ní kí ẹ jọ rìn ní ìrọ̀lẹ́, bi í bóyá ó fẹ́ kí oyún wálẹ̀ ni. Kò ní bi ọ́ mọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ìgbìmọ̀

Má dá ìmọ̀ràn nọ́ọ̀sì ró. Gbé e délé, kí o tẹ́ ẹ síwájú ìyá ọkọ rẹ, ìyá onílé, alágbo tó ń jókòó ní Dùgbẹ̀ àti àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì tàbí asalátù. Nọ́ọ̀sì kan, àgbà mẹ́rin, ìdìbò sì ni. Ní ọdọọdún ni nọ́ọ̀sì ń fìdí rẹmi, tí kò sì lọ sí kóòtù.

Ẹlòmíì lè wá fi ìwé dẹ́rù bà ọ́. Yóò ní ní 2015, ẹgbẹ́ Cochrane kó ìwádìí bíi 49 jọ, tí obìnrin inú rẹ̀ lé ní 11,000, wọ́n sì rí i pé ìmọ̀ràn lórí oúnjẹ àti lílo ara dín àwọn tó ń sanra kọjá ààlà nínú oyún kù ní nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Yóò tún ní ní Rhode Island ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde ní 2011 fi hàn pé ìfojúkojú kan péré, òṣùwọ̀n ilé, lẹ́tà ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ àti ìpè orí fóònù ló mú kí nǹkan bí ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún padà sí ìwọ̀n tí wọ́n wà kí wọ́n tó lóyún, nígbà tí ọmọ wọn pé oṣù mẹ́fà. Láàárín àwọn tí wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún, ìdá 19 ni. Gbọ́ ọ tán pẹ̀lú sùúrù. Lẹ́yìn náà, bi í bóyá wọ́n máa ń jẹ àmàlà ní Rhode Island.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ọjọ́ ìkúnlẹ̀

Bí o bá ti ṣe gbogbo èyí dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà ti wá kí ọ, kí ọmọ sì tóbi débi pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e. Má bínú. Obìnrin tó sanra jù, àti ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, omi ọyàn wọn sábà máa ń pẹ́ kí ó tó sọ̀. Ìyẹn ti gbé ọ dé ìdajì ọ̀nà.

Wọ́n máa fẹ́ kí ọmọ mu ọyàn láàárín wákàtí kan tí o bí i. Sọ pé ó rẹ̀ ọ́. Omi tó pọ́n rúsúrúsú tó kọ́kọ́ jáde, tí wọ́n ní ó ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ àìsàn, fún un dànù, ìdọ̀tí ni. Níwọ̀n ìgbà tí ohun tí ọmọ lè mu lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ṣíbí tíì kan lọ, kígbe pé kò yó. Ẹkún ọmọ tuntun, ebi ni. Bí ó bá sùn, ebi ló dá a kú.

Nígbà yìí ni Màmá máa dé pẹ̀lú fúláàsì. Sọ̀rọ̀ báyìí:

“Màmá, nọ́ọ̀sì ní ọyàn nìkan ni fún oṣù mẹ́fà, omi pàápàá kò gbọdọ̀ sí i.”

“Ìyàwó, ṣé kí òùngbẹ pa ọmọ mi ni? Ọkọ rẹ tí o rí yìí, omi ni mo fi wò ó dàgbà.”

Má dá wọn lóhùn pé nǹkan bí ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún omi ọyàn, omi gidi ni. Kúnlẹ̀, kí o sọ pé, “Ẹ ṣeun, Màmá.” Má rò pé o dá wà: ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní 2018 fi hàn pé ìdá 29 péré nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ní Nàìjíríà ló ń mu ọyàn nìkan. Àwọn tó kù ní Màmá nílé.

Ìgbésẹ̀ keje: Gbé fídà wọlé

Ọmọ tó ń fa ọyàn ló ń sọ fún ara ìyá rẹ̀ pé kó pèsè sí i. Nítorí náà, jẹ́ kí ó fà á díẹ̀. Fi mílíìkì ọmọdé inú fídà dí i. Yóò yó, yóò sùn, ọyàn yóò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kò bèèrè, yóò sì dín ohun tó ń ṣe kù. Bí ó bá dín kù, fi fídà kún un. Bí o bá fi fídà kún un, yóò dín kù sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wàá lè sọ fún gbogbo àdúgbò, pẹ̀lú ọkàn mímọ́, pé ọyàn ìdílé yín kì í lómi.

Èrè kejì wà níbẹ̀. Fífún ọmọ lọ́yàn nìkan a máa jó nǹkan bí 500 kálórì lójúmọ́ lára ìyá, níbi tó jókòó sí, láì wọ bàtà eré. Ìwọ wo bí ewu náà ṣe sún mọ́ ọ tó! Oṣù mẹ́fà irú nǹkan báyẹn lè kó gbogbo móòtì tí o ti jìyà mu kúrò lára rẹ.

Bí o bá ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀, tètè padà. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ìpín 54, fún abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́yàn ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lásìkò iṣẹ́. Má bèèrè. Ọ̀gá rẹ náà kò tíì kà á.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Tún ara ṣe lójú àwọn èèyàn

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kílíníkì máa fẹ́ rí ìwọ àti ọmọ. Rán ọmọ lọ. Ìwọ, lọ ra bẹ́líìtì ìfúnkùn tó nípọn, kí o fà á títí mímí fi di iṣẹ́, kí o sì ra tíì tí ń mú ikùn pẹlẹbẹ lọ́wọ́ oníbàárà rẹ lórí WhatsApp. Mu tíì náà lẹ́yìn àmàlà, kí ó lè rí nǹkan ṣe. Má wọ̀n ara rẹ. Bí aṣọ kò bá gbà ọ́ mọ́, télọ̀ ló dín in.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀, “ara ọmọ ni” ni ìdáhùn. Ó ṣeé lò títí ọmọ yóò fi wọ ilé ìwé jẹ́léósinmi. Lẹ́yìn ìyẹn, lóyún mìíràn lórí kílò tó wà nílẹ̀, kí o má baà bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Di olùdámọ̀ràn

O ti tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àbúrò ọkọ rẹ ní Challenge bá lóyún, má jẹ́ kí Mátírọ́ọ̀nù débẹ̀ ṣáájú rẹ. Wọ Micra, lọ jókòó tì í. Gba káàdì kílíníkì lọ́wọ́ rẹ̀, ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, kí o sì rẹ́rìn-ín. Bí ó bá bi ọ́ pé, “Àǹtí, báwo lẹ ṣe ṣe tiyín?”, dìde dúró kí ó lè rí ọ dáadáa.