Fóòmù Ló Yan Mọ́tò

Ẹ fa àpótí yẹn, kí ẹ jókòó. Èmi kì í ṣe olófòófó o. Ẹnu géètì ni mo ti ń din àkàrà, ojú mi sì wà níbi tí Ọlọ́run fi í sí. Ohun tó bá gba iwájú mi kọjá, ṣé kí n dijú fún un ni? Bí mo bá dijú, epo gbígbóná á ta sí mi lára.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Atẹ̀wé àti Ìyá Aláṣọ ni. Ẹ mọ̀ wọ́n, àwọn tó wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́ kànga. Bàbá Atẹ̀wé wà lára àwọn tó sọ Ṣómólú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàrígà wa yìí di ibi tí gbogbo Èkó ń gbé káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà àti ìwé ètò ìsìnkú wá tẹ̀. Bí olówó kan bá kú ní Ìkòyí, kí wọ́n tó gbé pósí jáde, Bàbá ti mọ iye ọmọ tó bí níta, torí òun ló to orúkọ wọn. Olófòófó ni tiẹ̀ náà, íǹkì ló kàn fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ń bú.

Àwọn ọmọ wọn ti lọ tán, ó ku tọkọtaya. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, wọ́n á di ẹrù, ó di Káǹpù. Káǹpù ìjọ Rìdíìmù ni mò ń sọ, ní kìlómítà 46 lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Bó bá di oṣù kẹjọ tí wọ́n ń ṣe Kọnfẹ́ńṣọ̀n, tàbí oṣù Kejìlá, ẹ ò ní rí wọn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Kí n tó gbàgbé, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ilé wa níbí ni ọ̀rọ̀ àwọn ìjọ onípàgọ́ yìí ti fẹjú? Èbúté Mẹ́ta ni Bàbá Akíńdáyọ̀mí ti dá ìjọ yẹn sílẹ̀ ní 1952 lóòótọ́, àmọ́ Adéboyè tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1981, ìṣirò ló ti fìgbà kan rí kọ́ àwọn ọmọ Yunilag, ní Àkọkà tó wà nítòsí Bàrígà. Kúmúyì ti Deeper Life ńkọ́? Ìṣirò! Yunilag! Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èèyàn 15 ní 1973, àwọn náà sì ní ilẹ̀ ìpàgọ́ tiwọn lójú ọ̀nà Ìbàdàn kan náà. Mo bi ọmọ Yunilag tó ń gbé lókè wa pé kí ni wọ́n ń fi sínú ìṣirò yẹn gan-an. Ó ní òfin lòun ń kà, kí n fún òun ní àkàrà igba náírà. Igba náírà, láyé tá a wà yìí!

Níbo ni mo dúró sí? Ẹn-ẹ́n, Káǹpù, ibi tí wọ́n máa ń sùn. Àwọn tó bá tètè ṣètò máa ń rí yàrá ní Káǹpù, àwọn tó kù á tẹ́ ẹní, àwọn mìíràn á sùn sínú mọ́tò. Eegun ẹ̀yìn Bàbá Atẹ̀wé kò gbọ́ ti ẹní mọ́, ọrùn Ìyá Aláṣọ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn nítorí àga mọ́tò ẹni ẹlẹ́ni. Ni wọ́n bá ní àwọn máa ra tiwọn, èyí tó kéré, tí kò ní gbé wọn ní gbèsè, tí èèyàn méjì á sì lè nà gbalaja sí.

Ó parí! Gbogbo ayé di agbaninímọ̀ràn.

Ọmọ wọn tó wà ní Houston ló kọ́kọ́ fi àwòrán ránṣẹ́. Yàrá ni o, yàrá tí mọ́tò ń fà kiri. Scamp lorúkọ rẹ̀, Minnesota ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹsẹ̀ bàtà 13 ni kékeré inú wọn, ìdajì òkè àti ìdajì ìsàlẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, ó rí roboto bí ẹyin. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú ẹ̀, omi wà nínú ẹ̀, àdògán náà wà nínú ẹ̀. Ìyá Aláṣọ wo àdògán yẹn títí, ó ní, “Ẹ bá mi bi ọmọ yín, ṣé orí èyí ni mo máa gbé ìkòkò ẹ̀wà lé?”

Àbúrò Ìyá Aláṣọ tó wà ní Peckham gbọ́, òun náà pè. Ó ní ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fa irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ìlú Ọba ni pé kí ìwọ̀n rẹ̀ má ju ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n mọ́tò tó ń fà á, kí ilé má baà máa darí mọ́tò. Ó ṣàlàyé, ó ṣàlàyé, káàdì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún un pé kò sí mọ́tò nílẹ̀ tí ilé ọ̀hún máa so mọ́.

Ọmọ olófin òkè náà gbé fóònù sọ̀kalẹ̀. Ó ní òyìnbó Amẹ́ríkà kan, Wally Byam, tó dá Airstream sílẹ̀, kó ogójì ó lé ọ̀kan irú ilé bẹ́ẹ̀ láti Cape Town dé Cairo láàárín 1959 sí 1960. Mo ní ṣé wọ́n gba Bàrígà? Ó ní rárá. Mo ní wọ́n ṣe é o. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá yàrá lè tẹ̀lé mọ́tò, kó wá yí i padà sẹ́yìn ní àdúgbò yìí lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Wọ́n ní ibi tí o bá fẹ́ kí ìdí rẹ̀ kọrí sí, òdìkejì ibẹ̀ lo máa kọ́kọ́ yí sítíárì sí. Gọ́tà wà lápá ọ̀tún, gọ́tà wà lápá òsì, kéké méjì ń fọn fèrè níwájú, ìyá olómi ń ti ọmọlanke bọ̀ lẹ́yìn. Ìgbà tí Bàbá Atẹ̀wé bá fi máa rántí òdìkejì, ó ti mu agbo inú gọ́tà.

Kẹ́ ẹ má sọ pé mo ní ìrìnàjò kò sí lára wa o. Àjàlá arìnrìnàjò, ṣé kì í ṣe Bàrígà yìí ló gbé kẹ́yìn, kó tó kú ní 1999? Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles ní 1952, tòun ti agbádá, tó tún wá gun Vespa kiri ayé, tó sì kọ ìwé An African Abroad ní 1963. Àmọ́ Vespa kò gba Ìyá Aláṣọ. Ẹ ti rí i tó ń kọjá, mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mẹkáníìkì ìsàlẹ̀ àdúgbò ló wá sọ̀rọ̀ gidi. Ó ní ẹ gbàgbé ohun tí mọ́tò ń fà, inú mọ́tò gan-an ni kẹ́ ẹ sùn. Mẹ́ta ló kà fún wọn.

Ó ní Siennà: ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń yọ́ lọ, ẹni tẹ́sẹ̀ ń dùn kò ní janpata, bí wọ́n bá sì yọ àga ẹ̀yìn, àyè wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì olójú mẹ́fà ni. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 29, 2023, olójú mẹ́fà ti di ẹrù alágbára. Bàbá Atẹ̀wé kò tiẹ̀ jẹ́ kó parí ẹ̀.

Ọkàn tiẹ̀ wà lára Volkswagen ayé àtijọ́, irú èyí tá a fi ń ṣe dánfó. Ó ní láti 1951 làwọn ará Westfalia ní Jámánì ti ń gbé bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù sínú ẹ̀ fún àwọn tó ń rìnrìn àjò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Brazil tó ṣe é kẹ́yìn ti dáwọ́ dúró ní 2013, èyí tó kù láàárín ìlú, wẹ́dà ló mọ̀ ọ́n jù. Ìyá Aláṣọ ní, “Bàbá wọn, ká ní a rà á. Bá a bá dé Ọjọ́ta nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, èèyàn mẹ́ta á ti wọlé tì wá lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á ní Bẹ́gà làwọn ń lọ.”

Ó ku kòrópe, mọ́tò akérò kékeré yẹn. Mẹkáníìkì ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò gbé ju sísì 660 lọ, torí òfin Japan kò gba irú mọ́tò wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ láyè jù bẹ́ẹ̀; kò sì gbọdọ̀ gùn ju mítà 3.40 lọ, kó má sì fẹ̀ ju 1.48. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì rẹ̀ wà láti ọ̀hún, àwa sì ti kó sọ́wọ́ ọ̀tún títì láti April 2, 1972, nítorí náà kẹ́ ẹ yẹ ibi tí wọ́n ti gbé sítíárì padà sí òsì wò dáadáa. Abẹ́ àga iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà, ìdí awakọ̀ a máa gbóná. Ìyá Aláṣọ ní ìyẹn kò burú, á bá làkúrègbé ọkọ òun wí.

Gbogbo bí wọ́n ṣe ń jiyàn ẹ́ńjìnnì, kò sẹ́ni tó béèrè bí fóòmù ṣe máa wọlé. Àfi Ìyá Aláṣọ. Ó ju tépù tó fi ń wọn aṣọ sọ́rùn, ó wọ́ mi dání, ó di ibùdókọ̀. Kòrópe kan ń dúró de èrò. Ó wọ ẹ̀yìn, ó ní kí wọ́n ká àga, ó sì sùn gbọọrọ sílẹ̀, ó ká ọwọ́ sórí àyà. Kọ̀ǹdọ́ pariwo, “Màmá ti dákú o!” Àwọn èrò sá. Awakọ̀ ń bẹ Ọlọ́run, ó ní òun ò tíì gbowó lọ́wọ́ Màmá. Ìyá Aláṣọ gbé orí sókè, ó ní, “Ẹ rọra pariwo, ibùsùn ni mò ń wọ̀n.” Ó na tépù láti orí dé gìgísẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà wọlé. Ó na án ní ìbú: mẹ́rin wọlé, ó ṣẹ́ kù díẹ̀. Fóòmù 6 sí 4, irú èyí tó wà ní yàrá wọn. Bí kì í bá ṣe tépù yẹn, mẹkáníìkì ì bá ti ta Siennà àbúrò rẹ̀ fún wọn. Mi ò sọ pé àbúrò rẹ̀ ló ní in o.

Kòrópe ni wọ́n rà, tòkunbọ̀. Wọ́n kùn ún ní funfun kí ẹnikẹ́ni má baà dá a dúró. Káfíńtà kan pákó tó ga ju ibi tí táyà ti yọ lọ, àpótí ìkẹ́rù wà lábẹ́ rẹ̀, fóòmù wà lórí. Wọ́n rán nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn mọ́ fèrèsé, Ìyá Aláṣọ fi àjẹkù àǹkárá ṣe kọ́tìnnì. Bàbá Atẹ̀wé fẹ́ gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré onípariwo yẹn sí ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè máa fẹ́ fáànù mọ́jú. Ibẹ̀ ni mo ti fi ìpọ́nkàrà sílẹ̀. Mo ní Bàbá, èéfín rẹ̀ kan wà tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, á kàn mú yín sùn ni, ẹ ò sì ní jí. Fáànù oníbátìrì ni wọ́n rà. Àkàrà mi jóná lọ́jọ́ náà, wọn ò tíì sanwó rẹ̀.

Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí ni ti Bàbá Láńlọ́ọ̀dù. Láàárọ̀ àná ló yọ jáde tòun ti ìwé owó ilé lọ́wọ́, ó yí kòrópe po, ó ṣí kọ́tìnnì wò. Ó ní bẹ́ẹ̀dì wà nínú ẹ̀, nẹ́ẹ̀tì wà nínú ẹ̀, fáànù wà nínú ẹ̀, yàrá ni; yàrá tó bá sì wà nínú ilé òun, owó ilé ni wọ́n ń san lé e lórí.

Bàbá Atẹ̀wé fẹ́ fa ìbínú yọ. Ìyá Aláṣọ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ́. Ó ní, “Bàbá wa, a máa san án. Ẹ kàn bá wa ṣe ṣáláńgá tirẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì máa rántí pé ibi tó bá sùn, ibẹ̀ lẹ ti máa wá gba owó ilé yín.”