Bí Ayálégbé Bá Fẹ́ Kó Jáde Kí Ọdún Tó Pé: Ìgbésẹ̀ Mẹ́sàn-án fún Onílé Tó Gbọ́n

Bàbá Onílé, a ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ayálégbé tó wà nínú yàrá kan àti pálọ̀ nísàlẹ̀ san ₦600,000 fún ọdún kan gbáko. Ó lo oṣù méje, ó wá ní òun ń lọ. Ó ríṣẹ́ nọ́ọ̀sì sí ìlú Ọba, wọ́n sì ti ń retí rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin ò fẹ́ kó mú yín lómùgọ̀, ibi tó yẹ kí ẹ wá gan-an lẹ wá. Ẹ tẹ̀ lé ìlànà yìí ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, kí ẹ má fo ìkankan.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ má ka ìwé àdéhùn

Ìwé tí ẹ jọ tọwọ́ bọ̀ wà nínú báàgì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ jẹ́ kó máa sùn níbẹ̀. Bó bá sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe tí ẹnì kan bá fẹ́ jáde kí ọjọ́ tó pé, ẹ ó ní láti ṣe é. Bí kò bá sọ nǹkan kan, ẹ̀yin lẹ jàre: ẹni tó gba ilé fún ọdún kan, ọdún kan ló gbà á fún, kò sì sí ẹni tó lè fipá mú yín dá kọ́bọ̀ padà. Ẹ ò rí i pé ewu ni ìwé náà? Ẹni tó mọ̀ pé òun jàre kì í pariwo, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó wà níwájú yín yìí, iṣẹ́ ariwo ni.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ jẹ́ kó dùn yín

Bó bá kúnlẹ̀ lálẹ́ tó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo lọ́rọ̀ kan bá yín sọ," ẹ má tíì ní kó jókòó. Ẹ kọ́kọ́ pìtàn bí ẹ ṣe kọ́ ilé náà: ọdún tí ẹ ra ilẹ̀, iye tí àwọn ọmọ onílẹ̀ gbà ní owó ìpìlẹ̀, iye tí wọ́n tún padà wá gbà ní owó dẹ́kìn, èyí tí wọ́n gbà nígbà tí ẹ fẹ́ kanlé. Kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló wà níwájú yín. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé ta ló rán an sí yín.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ sá fún ìṣirò

Yóò mú ẹlòmíràn wá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, tówó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì fẹ́ wọlé lọ́jọ́ kejì. Ìṣirò tí wọ́n á ṣe fún yín nìyí: owó oṣù kan jẹ́ ₦50,000, oṣù márùn-ún tó kù jẹ́ ₦250,000. Ẹni tuntun á san ₦600,000, ẹ ó fi ₦250,000 lé ẹni tó ń lọ lọ́wọ́, ₦350,000 á kù sápò yín, ilé ò sì ní ṣófo fún ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ má gbà. ₦250,000 yẹn ti bá aṣọ ẹbí lọ. Ẹni tó bá ní kí ẹ dá owó tí ẹ ti ná padà, olè ni. Ẹ pè é bẹ́ẹ̀ lójúde, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fẹ́ sanwó náà lè gbọ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ béèrè nótíìsì oṣù mẹ́fà

Ẹ ti gbọ́ nípàdé àwọn onílé pé oṣù mẹ́fà ni nótíìsì. Ẹ ní kí ó kọ tirẹ̀ wá. Lóòótọ́, oṣù mẹ́fà tó wà nínú òfin ilé gbígbé ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún láìsí àdéhùn mìíràn lórí nótíìsì ló wà fún. Àdéhùn tó ní ọjọ́ ìparí máa ń parí fúnra rẹ̀ bí ọjọ́ bá ti pé. Kí ìyẹn má dà yín láàmú. Oṣù márùn-ún ló kù fún un, oṣù mẹ́fà lẹ béèrè, a jẹ́ pé ó jẹ yín lóṣù kan. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ₦50,000.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ yẹ ilé wò

Owó kọ́ṣọ̀n rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, ₦100,000. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ wọlé lọ́sàn-án gangan. Ihò ìṣó tó fi kọ́ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì: ₦5,000. Ihò ìṣó tí ayálégbé tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ fi kọ́ fọ́tò ìgbéyàwó: ₦5,000, torí òun náà ti fi oṣù méje wò ó láìsanwó. Ọ̀dà tó ṣí lára ògiri níbi tí omi ti ń jò láti bálùwẹ̀ tiyín lókè: ₦80,000. Ẹ má dúró bí ẹ bá dé ₦100,000. Ẹ kà á kọjá, kó lè jẹ gbèsè kó tó jáde.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ ti géètì

Ẹ ra àgádágodo ńlá. Ẹ tì í lọ́jọ́ tó bá gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sápò ṣòkòtò, kí ẹ sì lọ síbi òkú ní Ìjẹ̀bú-Òde fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ayálégbé yòókù á máa gba orí fẹ́ǹsì lọ síbi iṣẹ́. Òfin tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ní ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ilé tó gbà ní àlàáfíà, kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ ò gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun àti ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ẹ jọ tì mọ́nú géètì.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ gba owó ilé náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn

Láti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ pe éjẹ́ǹtì. Yóò rí ẹni tó máa san ₦900,000. Ẹ gbà á, ẹ ní kó wọlé lọ́jọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀. Ẹ má kọ rìsíìtì fún un. Òfin ní ọjọ́, orúkọ, ilé, iye owó àti àkókò tí owó náà wà fún gbọ́dọ̀ hàn nínú rẹ̀, owó ìtanràn sì wà fún onílé tí kò bá fúnni. Ṣùgbọ́n bírò yín ò yọ dáadáa.

Bí ẹ bá padà délé, ẹ ó bá ayálégbé yín lẹ́nu ọ̀nà. "Dádì, ẹ̀yin lẹ jàre. Mi ò béèrè owó mọ́. Mò ń lọ, àbúrò mi tá a jọ ń gbé á wà níbẹ̀ títí oṣù márùn-ún á fi pé."

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ lé ẹni tí ẹ ò jẹ́ kó lọ

Ẹ pe káfíńtà. Kó yọ ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kìíní, kó ṣí páànù lọ́jọ́ kejì. Yóò rán yín létí pé ìsàlẹ̀ ni yàrá náà wà, pé orí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè ni òjò máa kọ́kọ́ bà. Ẹ ní kó máa ṣí i lọ.

Ká ní Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá tàbí GRA Ìkẹjà ni ilé yín wà, òfin 2011 ò dé ọ̀dọ̀ yín. Agége lẹ kọ́lé sí, ó sì dé ibẹ̀: ẹni tó bá fi ipá, ìhalẹ̀ tàbí ilé bíbàjẹ́ lé ayálégbé láìgba kóòtù lè san tó ₦250,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tó oṣù mẹ́fà. Kí àyà yín má já. Iye tí ẹ kọ̀ láti dá padà ní Ìgbésẹ̀ 3 náà nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ má gba ìlàjà

Ìjọba Èkó ní ibi tí wọ́n ti ń bá onílé àti ayálégbé parí ìjà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n á fi ìwé pè yín. Ẹ fi dì àkàrà; ohun ọ̀fẹ́ kì í níyì. Ẹ gba lọ́yà, kí ẹ san ₦400,000 fún un. Àwọn ará àdúgbò á máa sọ pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ìlara ni.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, ẹ wọ agbádá. Ẹni tó san ₦900,000 á jókòó lẹ́yìn yín, torí òun náà ti pe ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹ kí i dáadáa. Bí adájọ́ bá wá bi yín pé ṣé ẹ fẹ́ kí ayálégbé yìí lọ ni àbí ẹ fẹ́ kó dúró, ẹ dìde, ẹ gbọn agbádá sẹ́jìká, kí ẹ sì dáhùn ketekete pé bẹ́ẹ̀ ni.